Àtàǹpàkò Màmá

Màmá Aránṣọ jí lójú oorun ọ̀sán, ó rí i pé àtàǹpàkò ọwọ́ òsì òun ti dúdú.

"Kí ló kùn mí lọ́wọ́?" Ó na ìka náà sí àkọ́bí rẹ̀, káfíńtà tó ń tọ́jú rẹ̀ nínú ilé.

Káfíńtà wò ó. "Kò sí nǹkan kan níbẹ̀, Màmá."

Màmá pe ìyàwó ọmọ rẹ̀. Ìyẹn náà tẹjú mọ́ ọn. "Ó mọ́ tónítóní. Ojú yín ló ń ṣe yín. Ẹ tún sùn díẹ̀."

Màmá fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, ó fi kànrìnkàn ha á títí awọ fi ń ta á. Dúdú náà kò kúrò. Nídìí oúnjẹ, wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí i bí ẹni ń rẹ́rìn-ín sí ọmọ ọwọ́. Kò sẹ́ni tó wo ọwọ́ rẹ̀. Ẹ̀rù bà á. Látìgbà èwe ló ti ń rán aṣọ, ojú rẹ̀ kò tàn án jẹ rí. Àbí orí òun ti ń dàrú ni?

Ó fi omi rẹ ìka náà, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ ìrọ̀rí funfun. Àmì dúdú jáde. Ó yí ìrọ̀rí náà dà, ó jókòó lé e kí wọ́n má baà fọ̀ ọ́.

Lọ́jọ́ kejì, àbígbẹ̀yìn rẹ̀, nọ́ọ̀sì, wọlé. Màmá na ìka sí i.

"Tàdáwà rèé! Ta ló bá yín tẹ̀ka?"

"Ìwọ náà rí i?" Màmá bú sẹ́kún.

Nọ́ọ̀sì kọjú sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. "Bọ̀dá mi, ẹ̀yin ni? Òkú ni wọ́n ń jí ìka rẹ̀ tẹ̀ sórí ìwé bẹ́ẹ̀!"

"Ṣọ́ ẹnu ẹ! Ta ló ń gbé wọn lọ sílé ìwòsàn? Ìwọ tó ń yọjú bí òṣùpá? Báńkì ò fún mi lówó wọn láìsí ìwé aṣojú. Mi ò fẹ́ dà wọ́n láàmú ni mo ṣe tẹ ìka wọn sí i nígbà tí wọ́n sùn."

"Ẹ wá ní kò sí nǹkan lọ́wọ́ wọn. Ẹ fẹ́ sọ wọ́n di wèrè!"

Káfíńtà sorí kọ́.

Wọ́n pe agbẹjọ́rò. Ó ní kí àwọn ọmọ bọ́ síta, ó bá Màmá nìkan sọ̀rọ̀, kó tó pè wọ́n padà.

"Ìwé tí ẹ tẹ̀ yìí ò wúlò. Ìwé aṣojú ni èèyàn fi ń yan ẹni tí yóò máa ṣe nǹkan lórúkọ rẹ̀. Ẹni tó ń yàn gbọ́dọ̀ lajú sílẹ̀, kí iyè rẹ̀ pé, kí wọ́n kà á fún un ní èdè tó gbọ́, níwájú ẹlẹ́rìí tí ò ní jèrè níbẹ̀. Ó sì lè gba àṣẹ náà padà. Ìka tí wọ́n jí tẹ̀ lè sọni dèrò ẹ̀wọ̀n."

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ forí jì mí," ni káfíńtà wí.

"Ká ní o bi mí ni, ìwọ náà ni ǹ bá yàn."

Màmá yan ọmọ méjèèjì pọ̀ fún ọ̀rọ̀ báńkì àti ìwòsàn. Ilé rẹ̀, kò fi lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n kò sùn lọ́sàn-án mọ́, bó bá sì tòògbé, á di ẹ̀ṣẹ́ méjèèjì pinpin.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ tètè jókòó ti àgbà nígbà tí iyè rẹ̀ ṣì pé. Ẹ bi í léèrè ohun tó fẹ́, ẹ pe agbẹjọ́rò, kí gbogbo ọmọ gbọ́. Bí iyè bá ti lọ, ilé ẹjọ́ ni kí ẹ gbà lọ, kì í ṣe ẹ̀gbẹ́ ibùsùn. Ẹ má purọ́ fún arúgbó nípa ohun tó fojú ara rẹ̀ rí. Ẹni tó ń sùn kò tíì kú.