Ọ̀dà Pupa Lára Wáyà Bíréèkì

Ní ọdún 1994, nígbà tí epo bẹntiróòlù wọ́n gógó, ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Ìbàdàn pa mọ́tò wọn tì, wọ́n lọ nu eruku lára alùpùpù Fẹ́sípà àtijọ́. Ọjà àwọn tó ń ta ẹ̀yà ara Fẹ́sípà ní àdúgbò Challenge wá ń tà wàràwàrà. Ṣùgbọ́n inú Olúṣẹ̀yẹ kò dùn.

Ìsọ̀ rẹ̀ àti ti Bọ́láwárìn fara kan ara wọn. Olúṣẹ̀yẹ ló kọ́kọ́ débẹ̀, òun ló sì kọ́ Bọ́láwárìn ní ibi tí wọ́n ti ń rajà. Ní báyìí, àwọn oníbàárà a gbé Fẹ́sípà wọn dúró níwájú Olúṣẹ̀yẹ, wọn a ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi ṣọ́ ọ o," wọn a sì kọjá sọ́dọ̀ Bọ́láwárìn.

"Ẹ bá mi ṣọ́ ọ o" yìí ló ń jẹ ẹ́ nínú. Bí Bọ́láwárìn bá rẹ́rìn-ín, Olúṣẹ̀yẹ yóò rò pé òun ló ń fi rẹ́rìn-ín. Bí Bọ́láwárìn bá fún un ní ọsàn, kíkan ni yóò kan lẹ́nu rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ẹni yìí kò ṣe é ní nǹkankan, àfi pé bí ọjà rẹ̀ bá bàjẹ́, ó ń pààrọ̀ rẹ̀ láìjanpata.

Olúkúlùkù wọn ló ní ọ̀dà tirẹ̀. Kí ọjà tó kúrò nílẹ̀, wọn a fi ọ̀dà sàmì sí i lára: ti Olúṣẹ̀yẹ jẹ́ àwọ̀ ewé, ti Bọ́láwárìn jẹ́ pupa. Bí oníbàárà bá dá ọjà padà, ọ̀dà ni wọn yóò wò. Ẹni tó ni ọ̀dà ni yóò pààrọ̀ rẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, Bọ́láwárìn lọ síbi ìsìnkú, ó ní kí Olúṣẹ̀yẹ bá òun tajà. Adégbọlá, tíṣà kan láti Àpáta, dé, ó fẹ́ ra wáyà bíréèkì lọ́dọ̀ Bọ́láwárìn. Olúṣẹ̀yẹ yà sínú ìsọ̀ ara rẹ̀, níbi tí wáyà kan tí wọ́n ti dá padà wà. Lójú, ó ń dán. Ṣùgbọ́n okùn irin tín-ín-rín púpọ̀ ni wọ́n lọ́ pọ̀ di wáyà bíréèkì, tí wọ́n fi ike bò. Bí omi bá wọ abẹ́ ike, irin náà a dógùn-ún, a máa já lọ́kọ̀ọ̀kan, ìta kò sì ní fi hàn. Olúṣẹ̀yẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó fi epo nu ọ̀dà tirẹ̀ kúrò, ó ki ìka bọ inú agolo ọ̀dà Bọ́láwárìn, ó fi pupa sàmì sí i, ó sì tà á fún tíṣà.

Èrò rẹ̀ ni pé wáyà yóò já, tíṣà yóò sì wá bú Bọ́láwárìn lójú ọjà.

Ó já lóòótọ́. Ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan ní Ring Road ló já sí. Tíṣà kó sínú gọ́tà, apá rẹ̀ kán. Àwọn àbúrò rẹ̀ gbé Fẹ́sípà náà wá sí Challenge tìbínútìbínú. Ọ̀kan na wáyà náà sí Bọ́láwárìn lójú.

"Ọ̀dà ta nìyí?"

Bọ́láwárìn yí i wò. Idẹ ni wọ́n fi ń ṣe orí wáyà tirẹ̀. Òjé ni ti eléyìí, bíi ti Olúṣẹ̀yẹ. Ó gbójú sókè, ojú rẹ̀ àti ti Olúṣẹ̀yẹ ṣe mẹ́rin.

"Ọ̀dà mi ni," ló wí. "Èmi ni kí ẹ bá wí."

Wọ́n gbá a létí, fìlà rẹ̀ bọ́ sílẹ̀. Ó mú wáyà tuntun, ó fúnra rẹ̀ fi í sí Fẹ́sípà náà, ó sì bá wọn lọ sí ilé ìwòsàn.

Ohun tí Olúṣẹ̀yẹ ti ń retí nìyí. Ṣùgbọ́n fìlà yẹn wà nílẹ̀ níwájú rẹ̀. Kò lè mú un, kò sì lè wo ibòmíràn.

Nígbà tí Bọ́láwárìn padà dé, Olúṣẹ̀yẹ bi í pé kí ló dé tí kò sọ̀rọ̀, nígbà tó mọ̀ pé wáyà náà kì í ṣe tirẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ká ní mo tọ́ka sí yín, wọn ì bá ṣe yín léṣe. Ẹnìkan ti ru ẹ̀bi tèmi rí. Jésù ò dẹ́ṣẹ̀ kankan. Ẹ̀ṣẹ̀ mi ni wọ́n kó lé e lórí, kò sì jiyàn. Ó ti ru tiyín náà. Ẹ jẹ́ kó bá yín pààrọ̀ ọkàn yẹn."

Olúṣẹ̀yẹ kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ tí epo ti sọ di dúdú. Àdúrà rẹ̀ kò gùn: "Olúwa, ìlara ti jẹ mí tán nínú. Gbà mí."

Lẹ́yìn náà, ó lọ sí Àpáta. Ẹ̀rù àwọn àbúrò tíṣà ń bà á, síbẹ̀ ó jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Adégbọlá ti àwo ọsàn kan sún mọ́ ọn.

"Ọwọ́ kan ò bó ọsàn, ẹ̀yin náà lẹ sì fà á. Ẹ jókòó, kẹ́ ẹ bá mi bó o."

Olúṣẹ̀yẹ bó o. Èyí tí tíṣà fún òun náà jẹ, dídùn ló dùn.

Àwọn oníbàárà ṣì ń gbé Fẹ́sípà dúró níwájú ìsọ̀ rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ Bọ́láwárìn. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi ṣọ́ ọ o." Ó ń ṣọ́ ọ, kò sì dùn ún mọ́.

Ìwọ tí ò ń ka ìwé yìí nídìí ọjà rẹ tàbí nínú ọkọ̀, ta ni ìlọsíwájú rẹ̀ ń dùn ọ́? Ìta rẹ lè máa dán, kí wọ́n sì máa pè ọ́ ní ènìyàn dáadáa. Ọlọ́run ń wo abẹ́ ike. Má dúró di ìgbà tí o bá dé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kí o tó mọ̀ pé wáyà ti dógùn-ún. Jésù kò ní yẹ ọ̀dà ara rẹ wò kó tó gbà ọ́. Gbé ọkàn náà wá bó ṣe rí. Níbi tí o jókòó sí yẹn, lónìí yìí, sọ fún un.