Ọkọ̀ Tí Láníyọnu Fi Tọrọ Martha

Ẹ̀yìn ọkọ̀ ni Martha ti kọ́kọ́ rí Láníyọnu. Ọkùnrin náà ti èjìká bọ ìdí ọkọ̀ ńlá dúdú kan lẹ́bàá ọjà Ìpàta, ó ń tì í, òógùn bò ó, ọkọ̀ náà kò sì mira.

Ìgbà náà, kò tíì pẹ́ tí ogun Jámánì parí, ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kò pọ̀ ní Ìlọrin. Àwọn òyìnbó tó ń gbé ní àdúgbò ìjọba, ibi tí à ń pè ní GRA lónìí, ló ni èyí tó wà. Bí adúláwọ̀ kan bá wá ní tirẹ̀, tó sì kọṣẹ́ lójú títì, ìran ńlá ni. Àwọn oníṣu ti fi iṣu sílẹ̀, wọ́n ń wò.

"Arábìnrin, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fọwọ́ kàn án," ni Láníyọnu wí.

Martha sọ agbọ̀n rẹ̀ kalẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ẹṣin tí kò lè rìn, ṣé ẹni tó ń kọjá lọ ni yóò pọ̀n ọ́n?"

"Ẹ má pọ̀n ọ́n. Ẹ ṣáà tì í. Bó bá ti jí, kò ní sùn mọ́."

Ẹ̀rín pa Martha, ó sì tì í. Ọkọ̀ náà húkọ́, ó sín, ó gbéra. Láníyọnu fò wọlé. Kò jẹ́ dá a dúró, ó kàn yọrí lójú fèrèsé, ó ń kígbe nínú eruku.

"Kí lorúkọ yín?"

"Martha!"

"Ọmọ ta ni?"

"Ọmọ Bàbá Olújìmí tó ń ta ìṣó àti kọ́kọ́rọ́!"

Lọ́jọ́ kejì, ẹsẹ̀ ló fi rìn wá dúpẹ́.

"Ọkọ̀ yín ńkọ́?" ni Martha bi í.

"Mo ní kó sinmi. Mi ò fẹ́ kí ẹ rò pé iṣẹ́ ni mo tún gbé wá."

Báyìí ni ọ̀rọ̀ wọn ṣe bẹ̀rẹ̀. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni àwọn méjèèjì, ìlú Ìlọrin ni iṣẹ́ gbé wọn dé, ṣọ́ọ̀ṣì kan náà ni wọ́n sì ń lọ. Kò pẹ́ tí Láníyọnu fi mọ oríkì rẹ̀, tó ń pè é ní Àbẹ̀kẹ́ bí wọ́n bá ń ti ìkọ́rin bọ̀. Bó bá ti pè é bẹ́ẹ̀, ara Martha a sì rọ̀ bí ẹ̀kọ inú ewé.

Ó sọ fún Martha bí òun ṣe ra ọkọ̀ náà. Òyìnbó Faransé kan tó ń ra òrí ló ni ín, Láníyọnu ló sì ń wà á fún un. Nígbà tí òyìnbó náà ń padà sílé, kò sẹ́ni tó fẹ́ ẹ. Àwọn òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì ní àwọn ò gun ohun tí Faransé ti lò kù. Àwọn ọlọ́rọ̀ ìlú ní ẹṣin tẹ́ àwọn lọ́rùn. Láníyọnu bá ta màlúù tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀, ó rà á, kó lè máa fi gbé àwọn èrò láti ibùdókọ̀ reluwé wọ ìlú. Ìjókòó rẹ̀, awọ ni. Fèrèsé rẹ̀ ní aṣọ títa bí yàrá ìyàwó.

"Ó dáa o, olùfẹ́ mi," ni Martha wí, "àmọ́ kí ló dé tó fi ń kọṣẹ́?"

"Mo mọ ìwà rẹ̀. Bó bá gbóná, tí o sì dá a dúró, kò ní dá ọ lóhùn àfi tó bá tutù. Òyìnbó mi kì í lè dúró dè é, ló ṣe ní ó ti bàjẹ́. Sùúrù ló ń fẹ́, Àbẹ̀kẹ́. Ẹni tó bá ní sùúrù fún un, yóò gbé e débi tó ń lọ."

Ebenésérì ló sọ ọkọ̀ náà, ó fi ọ̀dà funfun kọ ọ́ síwájú rẹ̀, èyí tó túmọ̀ sí pé Ọlọ́run ti bá wa dé ibi tí a dé yìí. Àwọn oníṣu Ìpàta sì mú un ní yẹ̀yẹ́: "Ibi tó dé yìí náà ni yóò sùn sí!"

*

Ọjọ́ ìtọrọ pé, gbogbo ìdílé Olújìmí péjọ. Wọ́n ń retí ìró ọkọ̀. Ohun tí wọ́n gbọ́ ni, "Ẹ jọ tì í! Ẹ jọ tì í!" Ìgbà tí wọ́n jáde, àwọn àgbà tó wá tọrọ ìyàwó ni, wọ́n ká agbádá sórí èjìká, wọ́n ń ti Ebenésérì bọ̀. Ó ku ilé mẹ́ta kí wọ́n dé ni ọkọ̀ náà dúró, kò sì gbọ́ ẹ̀bẹ̀.

Bàbá Olújìmí dúró lẹ́nu ọ̀nà. Àgbà ìjọ ni, òun ló ń lu agogo ṣọ́ọ̀ṣì, kò sì sí ohun tó kórìíra tó ohun tí kò lọ ní àkókò.

"Ẹ̀yin àna," ló wí, "ṣé ìyàwó lẹ wá tọrọ ni, àbí ẹni tí yóò máa bá yín ti ọkọ̀?"

Ẹ̀rín bú sílẹ̀. Martha, tó wà nínú yàrá, fi ìborùn bojú. Ojú tì í, inú rẹ̀ sì bàjẹ́ nítorí olùfẹ́ rẹ̀.

Láníyọnu dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Bàbá, ẹ má bínú. Ó gbóná ni."

"Bí irin kan bá kán lára rẹ̀ ńkọ́? Ṣé ìlú Faransé lo máa lọ mú òmíràn? Ohun tí òyìnbó sá fún, ìwọ fi ogún bàbá rẹ rà á. Ọmọ mi ni o wá fẹ́ gbé sínú rẹ̀?"

"Bàbá, ẹ dán mi wò."

Bàbá Olújìmí ronú díẹ̀.

"Ó dáa. Ọmọbìnrin ilé wa kì í lọ sílé ọkọ láìjẹ́ pé ìyá àgbà fọwọ́ lé e lórí nínú ilé bàbá rẹ̀. Ìyá mi wà l'Ògbómọ̀ṣọ́, ẹsẹ̀ ti kọ̀ fún wọn, reluwé kò sì gba ọ̀dọ̀ wọn. Lọ gbé wọn wá. Ìyàwó mi àti Martha yóò bá ọ lọ lọ́jọ́ Sátidé. Bí ẹ bá padà dé kí n tó lu agogo ìsìn Ìkórè lọ́jọ́ kejì rẹ̀, tí ẹnikẹ́ni ò sì ti ọkọ̀ náà lọ́nà, mo fún ọ ní Martha. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, má tún fẹsẹ̀ tẹ ọgbà mi."

Nígbà tí àlejò lọ tán, Martha kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀. "Bàbá, ẹ mọ̀ pé mo fẹ́ràn rẹ̀."

"Mo mọ̀, ọmọ mi. Ìfẹ́ nìkan kì í gbéni kọjá odò Àsà nígbà òjò."

*

Àdúgbò Gàmbàrí ni Láníyọnu ń gbé, nínú agboolé opó kan tí wọ́n ń pè ní Ìyá Asabe. Kò bímọ ọkùnrin, ó sì mú Láníyọnu bí ọmọ. Bó tilẹ̀ jẹ́ pé ṣọ́ọ̀ṣì ni Láníyọnu ń lọ, òun náà ni í bá màmá yìí gbé omi àlùwàlá láàárọ̀. Nígbà tí Ìyá Asabe gbọ́ ohun tí Bàbá Olújìmí wí, kò lè jẹun. Ó lọ bá àbúrò rẹ̀, Alfa Abdulmumini, tó ní ilé kéwú.

"Fún mi ní hàntú tó lágbára," ló wí, "ti ìrìn àjò."

Alfa kọ ọ̀rọ̀ mímọ́ sára wàláà, pátákó kéwú, ó fomi fọ̀ ọ́ sínú igbá, ó po oyin mọ́ ọn kó lè dùn-ún mu. Ó rò pé Láníyọnu ni yóò mu ún. Ṣùgbọ́n Ìyá Asabe wò ó pé Láníyọnu kọ́ ló fẹ́ rin ìrìn náà, ọkọ̀ ni. Ní òwúrọ̀ Sátidé, ó ṣí ibi tí ọkọ̀ ń mu omi sí, ó dà á sí i, ó sì ní, "Bísímílláhì, mu ún tán."

Wọn kò tíì rìn dé ìdajì ọ̀nà tí èéfín fi bẹ̀rẹ̀ sí í rú. Màmá Christiana, ìyá Martha, dá orin tó ń kọ lẹ́yìn ọkọ̀ dúró. Láníyọnu bọ́ sílẹ̀. Nígbà tí ọkọ̀ rọlẹ̀ díẹ̀, ó fa omi rẹ̀ jáde. Omi náà dúdú bí èédú, ó sì ń fà bí ilá.

Martha fi ìka kàn án, ó gbóòórùn rẹ̀. "Láníyọnu, oyin ni!"

"Oyin kẹ̀?" Láníyọnu wò ó dáadáa. "Tàdáwà tí àwọn alfa fi ń kọ wàláà sì nìyí. Ṣé ẹ rí i, mo bá Ìyá Asabe níwájú ọkọ̀ láàárọ̀ pẹ̀lú igbá lọ́wọ́! Hàntú ni. Ó fún ọkọ̀ ní hàntú mu!"

Ó jókòó sínú koríko, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

"O ń rẹ́rìn-ín?" ni Màmá Christiana pariwo. "Obìnrin yẹn ti ba tìrẹ jẹ́!"

"Rárá o, Màmá. Ohun tó dára jù nílé wọn ló fún mi. Ẹnu tí kò yẹ ló kàn gbé e sí. Ẹ jọ̀ọ́, bí a bá délé, ẹ má jẹ́ kó gbọ́ pé ọkọ̀ dúró. Àánú mi ló ṣe é."

Martha wo ojú rẹ̀. Nílé tiwọn, bí ìṣó kan bá ti wọ́, ariwo ni títí alẹ́. Ọkùnrin yìí, ìyàwó rẹ̀ ló fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ yìí, ojú arúgbó ló sì ń rò pé kó má tì. "Olúwa," ló wí nínú ọkàn rẹ̀, "ẹni yìí ni mo fẹ́, yálà ó ní ọkọ̀ tàbí kò ní."

Ó ká aṣọ rẹ̀ sókè, ó gbé ìkòkò oúnjẹ wọn, ó sọ̀kalẹ̀ sí odò kan nítòsí. Ó ń pọn, Láníyọnu ń dà á sí i, ó ń fà á jáde, títí omi fi mọ́ gaara. Ebenésérì gbéra. Kí oòrùn tó wọ̀, wọ́n ti wà lẹ́sẹ̀ Ìyá Àgbà.

*

Lówùúrọ̀ Ọjọ́ Ìsinmi, wọ́n ń sáré bọ̀ wálé. Ìyá Àgbà gbé àkùkọ ìkórè sórí itan, ó ń bá a sọ̀rọ̀ bí ọmọ. Wọ́n ti kọjá odò Àsà, wọ́n ti ń rí òrùlé ìlú, nígbà tí wọ́n rí obìnrin kan lójú títì, kò wọ bàtà, ó ń ju ọwọ́.

"Ìyá Asabe nìyẹn," ni Láníyọnu wí.

"Má dúró!" ni Màmá Christiana ké. "O mọ̀ pé ọkọ̀ yìí gbóná. Bó o bá dá a dúró, ó parí nìyẹn!"

Láníyọnu yíjú. Martha ló wò. Martha mọ ohun tí wọ́n fẹ́ pàdánù.

"Dá a dúró, olùfẹ́ mi," ló wí.

Ọkọ̀ dúró, ohùn rẹ̀ sì kú.

Ìyá Asabe wó lulẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Ọmọ mi, wàláhì, n ò mọ̀! Alfa ló sọ fún mi pé ènìyàn ló ń mu hàntú. Láti àná ni n ò ti jókòó. Mo rò pé mo ti pa ẹ́!"

"Ìyá, ẹ dìde. Kò ṣe ọkọ̀ ní nǹkan kan, ó kàn ti di ọmọ kéwú ni."

Ẹ̀rín gba ẹnu Ìyá Asabe pẹ̀lú omijé. Ṣùgbọ́n nígbà tí Láníyọnu yí irin tí wọ́n fi ń jí ọkọ̀ níwájú, ọkọ̀ kò dáhùn. Ó tún un yí, kò dáhùn. Àwọn àgbẹ̀ kan tó ń kọjá ti ń ká apá aṣọ.

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n tì í díẹ̀," ni Màmá Christiana wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Ta ni yóò sọ fún Bàbá?"

"Màmá, ẹ ṣeun," ni Láníyọnu wí. "Mo fẹ́ kí n lè wo ojú rẹ̀ bí mo bá ń pè é ní bàbá."

Martha tú ìborùn rẹ̀, ó ń fẹ́ atẹ́gùn sí ọkọ̀. Ìyá Asabe náà ṣí ìbòrí tirẹ̀, ó bọ́ sí apá kejì. Ọ̀kan ń kọ orin mímọ́, ọ̀kan ń pe Allahu, àwọn àgbẹ̀ dúró, wọ́n ń wo àwọn obìnrin tó ń fẹ́ irin bí ẹni ń fẹ́ ọba. Oòrùn ń gòkè. Ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan ń dun Martha bí ẹ̀gún.

Láníyọnu gbàdúrà, ó di irin náà mú, ó yí i lẹ́ẹ̀kan. Ebenésérì húkọ́, ó sín, ó bú!

"Ẹ wọlé! Ìyá Asabe, ẹ wọlé!"

*

Nígbà tí wọ́n yọ sí ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì, gbogbo ìjọ wà lóde pẹ̀lú iṣu àti elégédé wọn. Àkókò ti kọjá, kò sì sẹ́ni tó tíì wọlé. Bàbá Olújìmí dúró lábẹ́ agogo, okùn lọ́wọ́ rẹ̀. Alfa Abdulmumini dúró tì í.

"Bàbá, àkókò ti lọ o!" ni àwọn àgbà ìjọ ń wí.

"Aago yín ló ń sáré," ni Bàbá dá wọn lóhùn, kò sì fa okùn.

Martha kò tíì rí i kí bàbá òun pẹ́ lu agogo láyé rẹ̀. Ẹkún gbọ̀n ọ́n.

Láníyọnu dọ̀bálẹ̀ sínú eruku. Bàbá Olújìmí bi í pé, "Ṣé ẹnikẹ́ni tì í?"

Ìyá Àgbà ló fèsì láti inú ọkọ̀. "Olújìmí, èmi ni mo bí ọ, n kò sì ní parọ́ lọ́jọ́ Ìkórè. Wọ́n fẹ́ bá a tì í, ó kọ̀. Opó tó ń sunkún lójú títì ló dúró dè. Bí o kò bá fún un ní ọmọ yìí, gbé mi padà sílé."

Bàbá Olújìmí yíjú sí Láníyọnu.

"Alfa wá bá mi láàárọ̀," ló wí. "Ó ní kí n má fi àṣìṣe ẹ̀gbọ́n òun fìyà jẹ ọ́. Ó bi mí pé, ẹni tí kò bá àwọn ṣe ẹ̀sìn kan náà, tí àwọn fẹ́ràn tó bẹ́ẹ̀, irú èèyàn wo ni? N kò rí èsì fún un. Láti ìgbà náà ni okùn yìí ti wúwo lọ́wọ́ mi. Dìde, ọmọ mi."

Ó fa okùn. Agogo náà dún gba Gàmbàrí, ó dún dé Ìpàta, ìjọ hó yeè, wọ́n sì bú sórin.

Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, nínú ilé bàbá rẹ̀, Martha kúnlẹ̀, Ìyá Àgbà fọwọ́ lé e lórí. Ó wá yíjú, ó fa Láníyọnu náà sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ohun tí ẹnikẹ́ni kò ṣe rí nílé wọn, ó fi ọwọ́ kejì lé tirẹ̀.

"Ẹ óò dàgbà pọ̀," ló wí. "Ẹnì kan nínú yín kò ní sin èkejì ní kékeré. Ilé yín yóò gba àlejò, oúnjẹ kò ní wọ́n níbẹ̀."

"Àmín, àmín!" ni Alfa àti Ìyá Asabe wí, ohùn tiwọn ló sì ròkè jù.

Lẹ́yìn Kérésìmesì ni wọ́n so wọ́n pọ̀. Láti ọdún náà lọ, kò sí ìyàwó tó ṣègbéyàwó ní ṣọ́ọ̀ṣì yẹn, kò sì sí ìyàwó tó ṣe yìgì ní Gàmbàrí, tí àwọn òbí rẹ̀ kì í wá bẹ Láníyọnu pé kó fi ọkọ̀ Faransé gbé e lọ sílé ọkọ.