Kirima Tí Mo Sè fún Tàófíìkì

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí Tàófíìkì, orí àga ni mo dúró sí, mò ń lẹ ewé bébà mọ́ gíláàsì ilé kọfí tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Deira, nílẹ̀ àwọn Lárúbáwá. Ewé pupa, ewé aláwọ̀ ìyeyè. Oṣù kẹsàn-án ni, oòrùn sì ń mú ganrínganrín níta. Òun ni sìkíọ́rítì tuntun tí wọ́n gbé sí ẹnu ọ̀nà ilé gogoro tí ṣọ́ọ̀bù wa wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ó ti gbọ́ tí mò ń fi Yorùbá bá gọ́ọ̀mù jà.

Ó ní, "Àbúrò, jọ̀ọ́, igi wo ló wọ́wé níbí?"

Mo ní kò sí igi kankan, pé ọ̀gá mi Magdalene ló ní ìgbà ìwọ́wé ti dé lọ́dọ̀ àwọn òyìnbó, àti pé àwọn oníbàárà á máa béèrè kọfí tó bá ìgbà náà mu. Ó rẹ́rìn-ín. Kòtò kan ṣoṣo ló wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ òsì. Ká má parọ́ fúnra wa, ibẹ̀ ni mo kó sí.

Ohun tí àwọn oníbàárà ń béèrè ni kirima, ìyẹn wàrà dídùn tó ki tí wọ́n ń dà sínú kọfí dúdú. Inú ìgò ni tiwa ti ń wá, ó sì ń ta bí ọṣẹ ìfọṣọ sí mi nímú. Mo ní mo lè sè é kó dáa ju bẹ́ẹ̀ lọ. Magdalene ní òfin ò gbà kí ohun tí a sè nílé wọ ṣọ́ọ̀bù. Mo ní kò burú, mo mọ ẹni tí màá sè é fún.

Rolla ni mò ń gbé, lápá Sharjah, àwa obìnrin mẹ́fà nínú yàrá kan pẹ̀lú sítóòfù kan. Lọ́jọ́ tí mi ò lọ síbi iṣẹ́, mo se elégédé títí ó fi rọ̀, mo lọ̀ ọ́ kúnná. Mo da mílíìkì tútù sí ìkòkò, mo da ti inú agolo tó ki àti elégédé náà lé e, mo ju igi sínámónì méjì sí i pẹ̀lú kànáfùrù mẹ́ta, mo sì rin nọ́tímẹ́ẹ̀gì díẹ̀ lé e lórí. Iná kékeré ni wọ́n fi ń sè é, torí bó bá hó, ó máa dì ni. Mo sẹ́ ẹ, mo rọ ọ́ sínú ìgò, mo sì lẹ ìwé mọ́ ọn lára kí àwọn tí a jọ ń gbé má baà fọwọ́ kàn án. Gbogbo yàrá ń ta sánsán.

Lọ́jọ́ kejì mo bù ú sínú kọfí, mo gbé e lọ bá Tàófíìkì lẹ́nu iṣẹ́. Mo dúró tì í, torí mo fẹ́ rí ojú rẹ̀. Ó mu ún tán. Mo bi í pé ṣé ó dùn, ó ní ó dùn ju oyin lọ. Láti ọjọ́ náà, kò sí ọjọ́ iṣẹ́ kan tí mi ò gbé e fún un.

Ìfẹ́ wa ò pẹ́ kó tó jinlẹ̀. Tá a bá ṣíwọ́, a máa wọ abra, ọkọ̀ ojú omi kékeré tó ń gbé èrò sọdá, a ó lọ, a ó tún bọ̀, láìní ibì kankan tí à ń lọ. Inú abra ló ti sọ ọ́.

"Nùsírá, ayọ̀ mi, mo fẹ́ fi ẹ́ ṣe aya."

Mo sunkún níṣojú gbogbo èrò ọkọ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi Sofiullahi, tó ń kó ẹrù ránṣẹ́ sílé láti àdúgbò Naif, ló mú mi wá sílùú yìí, òun sì ni bàbá mi níbí. Tàófíìkì lọ dọ̀bálẹ̀ fún un láàárín àwọn páálí fóònù. Ẹ̀gbọ́n mi ò kọ̀ ọ́. Ó ní kọ́ńtíráàtì Tàófíìkì máa parí ní oṣù kọkànlá, kí wọ́n kọ́kọ́ tún un ṣe. Ọjọ́ tí físà tuntun bá jáde, òun á pe bàbá wa nílé, wọn á dá ọjọ́ tí wọn á so yìgì wa. Bí wọn ò bá tún un ṣe, ilé ni Tàófíìkì ń lọ nìyẹn, òun ò sì ní fa àbúrò òun lé ẹni tó ń padà lọ bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́.

Oṣù méjì péré ló kù. Mò ń kà á bí ẹni ń ka ọjọ́ ààwẹ̀.

Nínú oṣù kẹwàá ni nǹkan dàrú. Ọ̀gá àwọn sìkíọ́rítì dé, ó bá àga Tàófíìkì lófìfo. Wọ́n kọ ìwé ìkìlọ̀ fún un. Ọ̀sẹ̀ kan ò tíì pé tí wọ́n tún bá àga náà lófìfo. Òfin wọn le: ẹni tó bá fẹ́ kúrò lẹ́nu ọ̀nà gbọ́dọ̀ fi rédíò pe ẹlòmíì, kó sì dúró dìgbà tí onítọ̀hún bá dé. Mo bi í ibi tó lọ. Ó ń wolẹ̀, ó ní òun kàn sọ̀ kalẹ̀ lọ sí abẹ́ ilé ni.

Ọmọbìnrin kan wà tó ń tọ́jú abẹ́ ilé yẹn, tó máa ń kí i tẹ̀ríntẹ̀rín. Ọkàn mi lọ síbẹ̀ tààrà, owú sì gbé mi wọ̀.

"Ta lò ń lọ bá nísàlẹ̀?" ni mo bi í.

"Kò sẹ́nì kankan, walahi."

Mo fi ìbínú gbé ife lé e lọ́wọ́, mo ní bí kò bá sẹ́nì kankan lóòótọ́, kó mu ún tán lójú mi. Ó wò mí, ó wo ife. Ó mu ún tán.

Ọjọ́ yẹn gan-an ni wọ́n bá àga lófìfo lẹ́ẹ̀kẹta, ẹni tó nilé ló sì bá a bẹ́ẹ̀ fúnra rẹ̀. Wọ́n kọ̀wé sí Tàófíìkì pé àwọn ò ní tún kọ́ńtíráàtì rẹ̀ ṣe. Wọ́n ti ra tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sílẹ̀, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kọkànlá.

Ọjọ́ mẹ́rin ni mi ò fi gbé fóònù rẹ̀. Lọ́jọ́ karùn-ún, Olúṣẹ̀san, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń gbé yàrá kan náà, wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù. Kò jókòó.

"Nùsírá, ìwọ lò ń fún Tàófíìkì ní milk lójoojúmọ́?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

"Inú ẹ̀ kì í gba milk at all. Láti kékeré. Tó bá ti mu ún, one hour ò ní kọjá tí inú á fi máa lọ́ ọ, á wá máa sáré. Toilet tiwọn sì wà ní basement three. Mo ní kó sọ fún ẹ, ó ní kí n fi òun sílẹ̀. I swear, mi ò mọ irú love tí ìyẹn jẹ́."

Obìnrin tí mò ń wá lábẹ́ ilé, èmi fúnra mi ni.

Mo bọ́ ápírọ́ọ̀nù, mo sáré lọ sí ọ́fíìsì àwọn sìkíọ́rítì. Mo kúnlẹ̀ fún ọ̀gá wọn, ará Íńdíà kan tó ń jẹ́ Matthew, mo ro gbogbo rẹ̀ fún un. Ojú àánú ló fi wò mí, ṣùgbọ́n ó ní khalas, ó ti parí, orúkọ ẹlòmíì ti wà lórí ìwé. Ó bi mi ìdí tí ọkùnrin náà ò fi sọ pé ara òun ò yá nígbà tí àwọn bi í lẹ́ẹ̀mẹta.

Láti ibẹ̀, ó di Naif. Mo wólẹ̀ níwájú ẹ̀gbọ́n mi. Mo ní ẹ̀bi mi ni, mo ní kó bá wa wá físà kankan fún un, kódà kó jẹ́ ẹrù ni á máa dì. Ẹ̀gbọ́n mi fà mí dìde.

"Nùsírá, ẹni tí inú ń run tí ò lè sọ fún ìyàwó tó fẹ́ fẹ́, ọjọ́ tí nǹkan bá le nínú ilé, ta ló máa sọ fún? Ó nífẹ̀ẹ́ ẹ, mo gbà. Ṣùgbọ́n á máa rẹ́rìn-ín sí ẹ títí òrùlé á fi jìn lé yín lórí. Mi ò lè ṣe é."

Mo kórìíra rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ohun tó dùn mí jù ni pé mi ò rí irọ́ kankan nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ méjì ni èmi àti Tàófíìkì fi ń wọ ṣọ́ọ̀bù jáde ṣọ́ọ̀bù ní Rolla, tí à ń bẹ àwọn tó ni wọ́n pé kí wọ́n gbà á síṣẹ́. Àwọn kan gba nọ́ńbà rẹ̀. Kò sẹ́ni tó pè. Lọ́jọ́ tó rẹ̀ wá, a jókòó sétí omi, mo sì bi í ìdí tí kò fi sọ fún mi.

"Ní ìgbà àkọ́kọ́, ojú ló ń tì mí," ló wí. "Nígbà kejì, o ti ní kò sẹ́ni tó mọyì ohun tó o sè bíi tèmi. Lẹ́yìn ìyẹn, báwo ni mo ṣe fẹ́ bẹ̀rẹ̀? Kí ni mo ní nílùú yìí tí mo lè fún ẹ, ju kí n mu ún tán lọ?"

Mo ní ọwọ́ mi ló lé e nílùú. Ó ní rárá o, ẹnu òun ni.

Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún pé. Mo tẹ̀lé e dé pápákọ̀ òfurufú. Mo ti di ẹrù mi sílẹ̀ ní Rolla, mo sì ti kọ̀wé pé mo fẹ́ fi iṣẹ́ sílẹ̀. Mo fa ìwé náà yọ nínú báàgì, mo fi hàn án.

"Láàárín oṣù kan, màá ti dé bá ẹ nílé. Mi ò fẹ́ físà ẹnikẹ́ni mọ́. Ṣáà ti sọ pé kí n máa bọ̀."

Mo mọ̀ pé ó máa gbà. Mi ò gbé nǹkan fún ọkùnrin yìí rí kó má gbà á. Mo tiẹ̀ ti ń rẹ́rìn-ín.

Ó ka ìwé náà tán, ó ká a sí mẹ́rin, ó tì í bọ àpò ara rẹ̀.

"Rárá, Nùsírá."

Mo rò pé mi ò gbọ́ dáadáa.

"Mi ò fẹ́ kó o wá," ló wí. Ohùn rẹ̀ ò gbọ̀n. "Iṣẹ́ tó ò ń ṣe níbí ni màmá ẹ fi ń jẹun. Mi ò níbì kankan tí mo fẹ́ mú ẹ lọ, yàrá ẹ̀gbọ́n mi lèmi fúnra mi ń lọ sùn. O máa bínú sí mi lọ́jọ́ kan, o ò sì ní sọ ọ́, bí mi ò ṣe sọ tèmi. Má wá. Má dúró dè mí."

Mo bẹ̀ ẹ́. Mo di àpótí rẹ̀ mú bí ọmọ kékeré, àwọn èèyàn ń wò wá, mi ò bìkítà. Ó tú ìka mi kúrò níkọ̀ọ̀kan, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó fi iwájú orí rẹ̀ kan tèmi. Lẹ́yìn náà ó fa àpótí rẹ̀, ó wọlé lọ.

Ọkùnrin tí kò sọ ohun tó ń ṣe é fún mi rí ti wá sọ òtítọ́ fún mi. Mo dúró síbẹ̀, mò ń bẹ Ọlọ́run pé kó yíjú padà, kó wá parọ́ fún mi lẹ́ẹ̀kan sí i.