Èéfín Pákó Bátìrì

Òjò àárọ̀ ọjọ́ náà kò le, ó kàn ń ṣẹ́ wínníwínní sórí páànù ilé Mùktárù ní Pápá Àjàó, ní Mushin. Abẹ́ àtíbàbà iwájú ilé ni Mùktárù jókòó sí, ó ń tú bátìrì mọ́tò kan tó ti kú. Ẹ̀yìnkùlé ni Kùdírátù ìyàwó rẹ̀ ti ń yan ẹja tí ó ń tà. Ọdún tí Ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì wá wo Èkó ni. Iṣẹ́ tọkọtaya náà ń lọ déédéé, wọ́n sì ń jẹun yó. Àwọn àgbà ní ewu ń bẹ lóko Lóńgẹ́, Lóńgẹ́ fúnra rẹ̀ ewu ni. Mùktárù gbọ́ òwe yìí láti kékeré, kò mọ̀ pé òun ni Lóńgẹ́.

Igi ìdáná gidi a máa ṣọ̀wọ́n nígbà òjò. Èyí tó bá sì wà, tútù ni yóò jẹ́. Ṣùgbọ́n ìṣòro yìí kò sí lọ́dọ̀ Kùdírátù. Nínú bátìrì ìgbà náà, pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni wọ́n fi ń pààlà sáàárín àwọn awo òjé, kí ọ̀kan má baà fara kan èkejì. Bí Mùktárù bá ti tú bátìrì, ẹ̀gbẹ́ ògiri ni ó ń kó àwọn pákó náà jọ sí. Nínú òjò èṣí, Kùdírátù ṣa díẹ̀ níbẹ̀, ó sá a sí etí ààrò, ó sì rí i pé ó ń gbiná bí ẹni da epo òyìnbó sí i. Láti ìgbà náà, kò ra igi mọ́. Ẹja rẹ̀ ń gbẹ dáadáa, ìdin kì í sí i, gbogbo àdúgbò ló sì ń yìn ín.

Nígbà tí Mùktárù lọ bu omi lẹ́yìnkùlé, ó bá Sìmíátù ẹlẹ́kọ, aládùúgbò wọn, tó pọn Adùnọlá ọmọ rẹ̀ sẹ́yìn, tó ń ṣa pákó sínú igbá.

"Ẹ má bínú o, Ìyá Tìrí," ni Sìmíátù ń wí. "Igi tèmi ń sunkún nínú ààrò láti àná."

"Sáà máa mú un," ni Kùdírátù dáhùn. "Àmọ́ èmi ni kó o kọ́kọ́ fún lẹ́kọ o."

"Ẹ ò mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ rílé ọkọ! Ọkọ yín ń fi mọ́tò dáná fún yín. Télọ̀ lọkọ tèmi, ṣé kí n máa fi àkísà sebẹ̀ ni?"

Àwọn obìnrin méjèèjì rẹ́rìn-ín. Mùktárù pàápàá rẹ́rìn-ín. Tìrìmísíyù nìkan ni kò rín.

Tìrìmísíyù, tí wọ́n ń pè ní Tìrí, ni ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí. Ó pẹ́ púpọ̀ kí Ọlọ́run tó fún wọn. Kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́rin, etí ààrò ìyá rẹ̀ sì ni ibùjókòó rẹ̀, níbi tí ó ti ń ṣa orí ẹja tó bá já bọ́ jẹ. Ọmọ tí kì í jẹ́ kí ara ilé sinmi ni tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n láti bí oṣù mélòó kan ni inú ti ń run ún. Kì í lè yàgbẹ́ dáadáa. Ó rù, ojú rẹ̀ funfun, bí wọ́n bá sì pè é, ó máa ń pẹ́ kó tó wòkè. Mùktárù ní aràn ni. Ó ra oògùn aràn fún un, aràn kan ò sì jáde.

Ọmọ náà dìde lọ́jọ́ náà bí ẹni fẹ́ lọ bá bàbá rẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ́, ó ṣubú, ojú rẹ̀ yí sókè, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í já pàtì.

"Yéè! Gìrì!" Sìmíátù ju igbá nù. "Ẹ gbé àgbo wá! Ẹ fi ṣíbí sí i lẹ́nu!"

Ìgò àgbo gìrì kì í wọ́n nílé ọlọ́mọ nígbà náà: ìtọ̀ màlúù, ewé tábà àti àlùbọ́sà. Kùdírátù ń da á sí ọmọ lẹ́nu, ó ń dà jáde. Ohun kejì tí a máa ń ṣe fún ọmọ tí gìrì bá mú ni pé a ó gbé e súnmọ́ iná, kí ooru lè lé òtútù tó dì í.

"Ẹ ko iná yẹn kó le!" ni Mùktárù kígbe. Òun fúnra rẹ̀ ló kó ẹ̀kún apá pákó bátìrì, tó kó o sínú ààrò. Iná sọ. Ó gbé ọmọ rẹ̀ lé ọwọ́ méjèèjì tí ìyẹ̀fun òjé funfun ṣì wà lára wọn, ó na ẹsẹ̀ rẹ̀ sí iná, ó sì dì í mú nínú èéfín náà. Ọmọ ń wúkọ́. Ó ní, "Fara dà á, Tìrí. Fara dà á, bàbá mi."

Ọmọ dákẹ́, ó sùn. Wọ́n ní Alihamudulilahi. Kò pẹ́ tí gìrì náà padà, ó sì gùn ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Báyìí ni Gbádé, awakọ̀ bọ́lẹ̀kájà kan, ṣe bá wọn. Bátìrì rẹ̀ ló wá béèrè. Nígbà tí ó rí ọmọ náà, kò béèrè bátìrì mọ́.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbé ọmọ yìí ká lọ sílé ìwòsàn."

"Wọn kì í gún ọmọ tí gìrì mú lábẹ́rẹ́," ni Mùktárù wí. "Bí abẹ́rẹ́ bá kàn án, ó parí."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún yín? Láti àárọ̀ lẹ ti ń fún un ní àgbo, kí ni àgbo ṣe? Ẹ̀gbọ́n, ọmọ ń lọ lójú yín!"

Kùdírátù kò dúró gbọ́ èsì. Ó ti gba ọmọ lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀, ó ti ń sáré lọ sídìí ọkọ̀.

Bọ́lẹ̀kájà náà kò ní bátìrì nínú, irin ni Gbádé fi yí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kó tó dáhùn. Wọ́n gba Ojú Ẹlẹ́gbà kọjá, wọ́n dorí kọ Èkó. Òjò le sí i. Lórí afárá gan-an ni ẹ́ńjìnnì kú. Mùktárù bẹ́ sílẹ̀, ó gba irin lọ́wọ́ Gbádé, ó ń yí i. Ó yí i títí èjìká rẹ̀ fi fẹ́ yọ. Àwọn ọkọ̀ ẹ̀yìn ń fọn fèrè, ẹnì kan ń bú u pé, "Bàbá, ẹ ta ọkọ̀ jákujàku yìí fún alágbẹ̀dẹ!" Òun tó ń fún gbogbo mọ́tò Mushin ní agbára, kò rí agbára fún èyí tó gbé ọmọ rẹ̀. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì wá dáhùn, ó gbọ́ igbe ìyàwó rẹ̀ nínú ọkọ̀. Gìrì tún ti dé.

Ní ilé ìwòsàn, dókítà kan tí wọ́n ń pè ní Ọláìtán gba ọmọ náà, ó sì gún un lábẹ́rẹ́ tó dá gìrì náà dúró. Kò kú nítorí abẹ́rẹ́. Mùktárù rí èyí, ó sì mọ̀ pé irọ́ ni òun ti gbà gbọ́ láti ọjọ́ yìí.

Dókítà ṣí ìpéǹpéjú ọmọ wò, ó tẹ ikùn rẹ̀, ó béèrè nípa ìgbẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló kọjú sí bàbá.

"Iṣẹ́ wo lẹ̀ ń ṣe, Bàbá?"

"Bátìrì ni mò ń tún ṣe, dókítà."

"Ẹ la ẹnu yín."

Ó wo ẹran ìdí eyín Mùktárù, ó pe ọmọ ẹ̀kọ́ ìṣègùn kan láti wá wò ó. Ìlà aláwọ̀ aró tó ṣókùnkùn wà níbi tí eyín ti wọnú ẹran.

"Òjé ló ń ṣe ọmọ yín," ni dókítà wí. "Ẹ̀yin náà ní in lára, ṣùgbọ́n àgbà ni yín, ẹ̀yin ṣì ń gbé e rìn. Òjé kì í pani lójijì. Díẹ̀díẹ̀ ló ń wọlé, nínú oúnjẹ, nínú èéfín, láti ọwọ́ tí a kò fọ̀. Ara kì í tètè lè lé e jáde, ńṣe ló ń kó o jọ. Ó ń ba ẹ̀jẹ̀ jẹ́, ìdí nìyẹn tí ojú ọmọ fi funfun. Ó ń lọ́ ìfun. Bó bá wá pọ̀, á wọ ọpọlọ, gìrì nìyẹn. Ọpọlọ ọmọdé sì rọ̀ ju tiwa lọ. Ṣé ọmọ yìí máa ń wá sídìí iṣẹ́ yín ni?"

"Rárá. Ẹ̀yìnkùlé ló máa ń wà, lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀."

"Kí ni ìyá rẹ̀ ń ṣe níbẹ̀?"

"Ẹja ni mò ń yan," ni Kùdírátù wí.

"Irú igi wo lẹ fi ń yan án?"

Tọkọtaya wo ara wọn. Mùktárù ló sọ ọ́. Nígbà tí ó sọ̀rọ̀ tán, dókítà bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀.

"Ẹja mi kì í bàjẹ́," ni Kùdírátù wí. "Kì í ní ìdin. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni."

"Ìyá, ẹja tí kò bàjẹ́ yàtọ̀ sí ẹja tí kò ní májèlé. Àwọn tó ń ṣe ìwádìí nípa oúnjẹ ti rí i pé gbígbẹ ẹja àti ohun tó wà nínú èéfín igi ló ń pa kòkòrò tí ojú kò rí. Igi gidi yóò ṣe é fún yín, pàápàá bí ẹ bá kọ́kọ́ fi iyọ̀ sí ẹja náà. Ṣùgbọ́n èéfín kì í yan ẹrù tí yóò rù. Bí òjé bá ti rin igi, èéfín á gbé òjé, á sì gbé e ka orí ẹja." Ó yíjú sí Mùktárù. "Nílùú òyìnbó, wọ́n ti ń fi rọ́bà rọ́pò pákó nínú bátìrì tuntun."

"Mo ti rí irú rẹ̀," ni Mùktárù wí. "Dókítà, kí ni oògùn rẹ̀?"

"Oògùn tuntun kan wà, kò tíì pẹ́ tí àwọn oníwàádìí rí i. Ó máa ń di òjé mú nínú ẹ̀jẹ̀, á sì bá a jáde nínú ìtọ̀. Kò sí níbí. A ó tẹ wáyà kí wọ́n fi ọkọ̀ òfurufú gbé e wá."

"Nígbà wo ló máa dé?"

Dókítà wo ọmọ náà. Ó yára lọ tẹ wáyà náà.

Tìrìmísíyù kò dúró de oògùn náà. Kò tún lajú mọ́. Orí itan ìyá rẹ̀ ló kú sí, wọ́n sì gbé e padà sí Mushin, wọ́n sin ín lọ́jọ́ kan náà gẹ́gẹ́ bí ẹ̀sìn wọn ti wí.

Nígbà tí àwọn ènìyàn péjọ láti ṣàdúrà ọjọ́ kẹta, Mùktárù jókòó lórí ẹní pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Yẹ̀kínnì. Òórùn èéfín kan fẹ́ wá láti ẹ̀yìnkùlé. Ó mọ̀ ọ́n. Àwọn obìnrin àdúgbò ń se oúnjẹ sàráà, pákó bátìrì ni wọ́n sì fi ń dáná. Ó fẹ́ dìde.

Yẹ̀kínnì di ọwọ́ rẹ̀ mú. Mùktárù ti sọ gbogbo rẹ̀ fún un lówùúrọ̀. "Jókòó, àbúrò. Bí o bá sọ ọ́ síta, ta ni yóò tún gbé bátìrì wá fún ọ? Ta ni yóò ra ẹja lọ́wọ́ ìyàwó rẹ? Wọn á ní ẹ fún àdúgbò ní májèlé jẹ. Kádàrá ni. Jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀."

"Ẹ̀gbọ́n, ti Tìrí jẹ́ kádàrá. Ti ọmọ Sìmíátù ńkọ́?"

Yẹ̀kínnì jọ̀wọ́ ọwọ́ rẹ̀. Mùktárù jáde lọ sẹ́yìnkùlé, ó da omi sí ààrò, ìkòkò oúnjẹ sàráà sì yí dànù. Wọ́n rò pé ọ̀fọ̀ ti da orí rẹ̀ rú. Ó dúró láàárín wọn, ó sọ ọ́ bí dókítà ti sọ ọ́: òjé, pákó, èéfín, ẹja. Ó sọ pé òun ni òun koná mọ́ ọmọ òun. Kò fi ohun kan pamọ́.

Sìmíátù ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Ìyá Tìrí, inú ń run Adùnọlá láti ọjọ́ Jímọ̀." Ohùn rẹ̀ wá ga. "Ẹ fún mi ní májèlé lọ́fẹ̀ẹ́! Ẹ̀ ń bá mi rẹ́rìn-ín, ẹ̀ ń fún mi ní májèlé!"

Kùdírátù kò jà. Ó ní, "Gbé e dìde. Èmi á mú ẹ lọ."

Òun ló mú Sìmíátù dé ọ̀dọ̀ dókítà Ọláìtán. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ Adùnọlá wò, òjé wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò tíì dé ọpọlọ. Oògùn tí wọ́n tẹ wáyà fún nítorí Tìrìmísíyù dé lọ́sẹ̀ náà. Adùnọlá ni wọ́n fún. Kùdírátù jókòó sítòsí ibùsùn náà, ó ń wo omi oògùn bí ó ti ń kán sínú iṣan ọmọ ẹlòmíràn. Adùnọlá yè.

Gẹ́gẹ́ bí Yẹ̀kínnì ti wí ló rí. Kùdírátù lọ láti ojúlé dé ojúlé, ó ń gba ẹja tó tà padà, ó sì ri gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀. Àwọn kan gbà á, àwọn kan bú u, kò sì sí ẹni tó tún ra ẹja lọ́wọ́ rẹ̀ ní Pápá Àjàó. Sìmíátù kì í kí i. Mùktárù gbé iṣẹ́ rẹ̀ kúrò nílé. Aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í wọlé mọ́, kì í sì fọwọ́ kan oúnjẹ láì fi ọṣẹ wẹ̀. Kò sí ọmọ nílé tí yóò sáré pàdé rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìtàn yìí, òjé kì í rùn, kì í sì í korò lẹ́nu. Ẹ má ṣe fi pákó tàbí àpótí bátìrì dáná, bó ti wù kí igi wọ́n tó. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ọmọdé ṣeré níbi tí wọ́n ti ń tú bátìrì. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣiṣẹ́ rẹ̀, ẹ wẹ̀, kí ẹ pààrọ̀ aṣọ, kí ẹ tó gbé ọmọ. Bí gìrì bá mú ọmọ, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ tẹ́ ẹ sílẹ̀, ẹ má fi ohunkóhun sí i lẹ́nu, ẹ má gbé e súnmọ́ iná, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ lójú ẹsẹ̀. Bí ẹ bá sì mọ ohun tó pa ọmọ yín, ẹ sọ ọ́ síta, nítorí ọmọ aládùúgbò ṣì wà láàyè.

Kí ẹ tó dáná oúnjẹ òní, ẹ kọ́kọ́ wo igi tó wà lábẹ́ ìkòkò yín.