Ọ̀gágun Àtàǹpàkò Ilétuntun

Lọ́jọ́ ìjà àkọ́kọ́, àwọn ọmọ-ogun Ilétuntun ò jà rárá. Wọ́n dúró gbagidi lórí tábìlì, wọ́n ń wo ọ̀ọ́kán, ti ìlú Òkè-Eruku sì ń bì wọ́n ṣubú lọ́kọ̀ọ̀kan. Ojú ti àwọn àgbà débi pé ẹnikẹ́ni ò lè wo ojú ẹnìkejì.

Ẹ jẹ́ kí n là á yé yín, kí ẹ má baà sọ pé ọ̀rọ̀ ọmọláńgidi ni mò ń sọ. Nígbà yẹn, àwọn ọmọ Yorùbá ti tẹ ìlú dó sínú Ayé Pupa, níbi tí omi ti ṣọ̀wọ́n ju wúrà lọ. Wọ́n ti búra pé ẹ̀jẹ̀ èèyàn ò ní kán sílẹ̀ níbẹ̀ láé. Bí ìlú méjì bá ń du nǹkan, orí tábìlì ni wọ́n ti ń jà á, pẹ̀lú ọmọ-ogun tí kò ga ju àtàǹpàkò lọ. Amọ̀ agbọ́ràn ni wọ́n fi ń mọ wọ́n. Oríṣi méjì ni amọ̀ náà, ọ̀kan ní àwọ̀ ìyeyè, èkejì ní àwọ̀ aró. Wọn á pò wọ́n pọ̀ títí wọn ó fi di àwọ̀ ewé. Bó bá ti gbẹ, á dìde, á máa rìn. Kànga yìnyín ni wọ́n ń jà sí lọ́tẹ̀ yìí. Ìjà mẹ́ta ni, ẹni tó bá borí nínú méjì ló ni kànga, ẹni tó bá pàdánù yóò di ẹrù rẹ̀, yóò sì máa la eruku lọ.

Akínlàjà, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ tó ṣe àwárí amọ̀ náà, ẹ̀rọ ló fi tẹ àwọn ọmọ-ogun jáde, ojú wọn dán gbinrin. Baba Láníyọnu, olórí àwọn àgbà, fi ìka méjì gbé ọ̀kan sókè.

"Akínlàjà, ọmọ ta nìyí?"

"Ọmọ-ogun ni, Baba. Kì í ṣe ọmọ ẹnikẹ́ni."

"Ẹ ò rí nǹkan! Kò nílà, kò ní fìlà, kò mọ baba tó bí i. Ilé ta ló fẹ́ jà fún?"

"Ọ̀ṣọ́ lásán nìyẹn, Baba. Ọ̀ṣọ́ kì í jagun."

"Ìwọ tí o kò lọ́ṣọ̀ọ́, ogun wo lo ti jà rí? Ẹ bá mi pe Ìyá Bọ́sẹ̀dé."

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín, àfi Akínlàjà.

Mopélọ́lá, Ìyá Bọ́sẹ̀dé, ló máa ń mọ ọ̀ṣọ́ wínníwínní sára àwọn ọmọ-ogun amọ̀ lásán táwọn èèyàn fi ń ṣeré. Opó Adéríbigbé ni, tí ihò yìnyín ya lù lọ́dún èṣí. Kò sẹ́ni tó na Adéríbigbé rí lórí tábìlì. Bó bá ti dẹ pańpẹ́ sílẹ̀ tán, á kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Kó o tó béèrè ohun tó ń pa á lẹ́rìn-ín, o ti kó sí i.

Ìyá Bọ́sẹ̀dé jókòó lẹ́bàá fèrèsé, ó fi awò amóhun-tóbi sójú, ó yí amọ̀ títí ó fi tín-ín-rín bí òwú. Ojú ọkọ rẹ̀ ló fún èyí tó máa ṣe ọ̀gágun. Abetí-ajá ló kọ́kọ́ mọ lé e lórí, ó ká etí kan sókè, ó fi èkejì sílẹ̀ bí Adéríbigbé ṣe máa ń ṣe. Lẹ́yìn náà ló fi abẹ́rẹ́ tẹ pélé sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Amọ̀ ń lẹ̀ mọ́ abẹ́rẹ́. Òróró ni Akínlàjà ní kó fi máa pa á, ṣùgbọ́n bí ìyá rẹ̀ ṣe kọ́ ọ ló ṣe: ó ń fi abẹ́rẹ́ kan ahọ́n, itọ́ ló fi ń ṣiṣẹ́.

Ní ìjà kejì, ọ̀gágun yẹn ṣíwájú, ó já wọ àárín Òkè-Eruku bí ẹni tó mọ ilé tó ń jà fún, wọ́n sì tú ká. Ilétuntun borí. Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé Ìyá Bọ́sẹ̀dé sọ́rùn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, Bọ́sẹ̀dé, tí oyún inú rẹ̀ ti wọ oṣù ìbí, ń gbọn eruku ara ẹrù bàbá rẹ̀. Ó na fìlà kan sí ìyá rẹ̀.

Ìyá yí fìlà náà síwá sẹ́yìn. "Báwo ló ṣe máa ń dé e?"

"Màámi, ẹ má fi mí ṣeré o."

Kò ṣeré. Ó wá ilà ojú ọkọ rẹ̀ nínú ọkàn rẹ̀, kò rí i. Ó sáré lọ bá Akínlàjà, Bọ́sẹ̀dé tẹ̀ lé e.

"Itọ́ lẹ fi ṣe é?" Akínlàjà gbá orí mú. "Áà! Amọ̀ yìí máa ń wá ohun tó máa rántí. Òróró ni kì í jẹ́ kó rí i mu lára èèyàn. Ohun tẹ́ ẹ fi itọ́ mọ sí i, ó ti gbà á lọ́wọ́ yín nìyẹn. Kò ṣeé gbà padà, Mà."

Baba Láníyọnu náà wà níbẹ̀. Ó mọ̀ pé Òkè-Eruku ti rí ìrìn ọ̀gágun náà, ìgboyà nìkan ò ní gbà wọ́n lọ́la. Ọgbọ́n pańpẹ́ Adéríbigbé ló kù, inú ẹ̀rín rẹ̀ ló sì wà, bẹ́ẹ̀ ọ̀gágun ò tíì ní ẹnu.

"Baba, ẹ má ṣe bẹ̀ ẹ́," Akínlàjà ní. "Ẹ̀rín ọkọ rẹ̀ nìkan ló kù fún un."

"N ò ní bẹ̀ ẹ́," ni baba àgbà wí. Omi ti lé sójú rẹ̀.

Ìyá Bọ́sẹ̀dé wo ikùn ọmọ rẹ̀. Aboyún wo ló máa la eruku já?

"Bọ́sẹ̀dé, ṣé o rántí ẹ̀rín bàbá rẹ?"

"Mo rántí, Màámi."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀." Ó mú abẹ́rẹ́, ó fi kan ahọ́n, ó sì la ẹnu ọ̀gágun. Ó la èjí Adéríbigbé sí i léyín.

Ní ìjà kẹta, Òkè-Eruku ká ọ̀gágun mọ́. Ilétuntun ti ń kígbe "Ó tán!" Ni ọ̀gágun bá rẹ́rìn-ín. Bó ti kéré tó, gbogbo gbọ̀ngàn ló gbọ́ ọ. Àwọn ọmọ-ogun rẹ̀ tó ti fara pa mọ́ sẹ́yìn òkúta yọ gbùù, pańpẹ́ sì dé mọ́ Òkè-Eruku. Kànga di ti Ilétuntun.

Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni ò hó. Baba Láníyọnu ṣí fìlà, ó ń sunkún bí ọmọdé. Bọ́sẹ̀dé di ikùn mú, ó ń ké "Bàámi! Bàámi!" Àwọn tí wọ́n jọ wa yìnyín pẹ̀lú Adéríbigbé dojú bolẹ̀.

Ìyá Bọ́sẹ̀dé ń wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, inú rẹ̀ dùn pé wọ́n borí, kò kàn mọ ohun tó ń pa wọ́n lẹ́kún. Ó fọwọ́ kan ọmọ rẹ̀ léjìká.

"Ọmọ mi, ẹ̀rín yẹn mà dùn o. Ẹ̀rín ta ni?"