Ọwọ́ Níyìọlá Nínú Fídíò

Ní ọjọ́ kẹjọ lẹ́yìn tí a sin Níyìọlá, ní agogo méjì ọ̀sán, mo rí àmì ọwọ́ rẹ̀, atọ́ka kékeré tó ń rìn lójú kọ̀ǹpútà, tó wọlé síbi iṣẹ́ wa.

Èmi àti òun la jọ ń ṣe ètò kọ̀ǹpútà kan, èyí tí ènìyàn méjì tó jìnnà síra lè fi jọ gé fídíò kan náà. Òun wà nílé ìyá rẹ̀ ní Malu Road, èmi wà ní ọ́fíìsì ní Wharf Road. Ohun tó ń dà wá láàmú ni kí ètò náà má lọ́ra: bí ó bá tẹ nǹkan lọ́hùn-ún, kí n rí i níbí lójú ẹsẹ̀. Àmì ọwọ́ tèmi pupa, tirẹ̀ jẹ́ àwọ̀ ewé.

Ikọ́ fée ló mú un lọ láàárọ̀ ọjọ́ kan. Òkú ọ̀fọ̀ ni, a sì sin ín kí oòrùn tó wọ̀. Òbí kì í dé ibi sàréè ọmọ, nítorí náà ìyá rẹ̀ jókòó sílé. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀ mí.

"Kóredé, jọ̀ọ́, bá mi gé fídíò ìsìnkú tí Gregory tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ fi fóònù ká. Ibi tí wọ́n ti kọrin fún un nìkan ni kí n rí. Tí mo bá rí ilẹ̀ yẹn, mi ò ní lè dìde mọ́ o."

N kò tíì sunkún nígbà náà. Ara mi kàn kú ni.

Mo gbé fídíò náà sínú ètò wa, mo gé sàréè kúrò. Ọwọ́ àwọ̀ ewé dá a padà. Mo rò pé àṣẹ àtijọ́ tó ti tẹ̀ kó tó kú, tó pẹ́ lọ́nà, ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé. Mo tún gé e, ó tún dá a padà. Mo pe Gregory, tí a jọ wà ní ọ́fíìsì, kó wá wò ó.

"Ọ̀gá, her laptop dey your drawer na," ó rọra sọ, ó sì jáde. Òótọ́ ni: ìyá rẹ̀ ti gbé kọ̀ǹpútà náà fún mi lẹ́yìn ìsìnkú, ó sì wà nínú tábìlì mi ní pípa.

Ọwọ́ náà lọ dúró síbi tí wọ́n ti ń sọ pósí kalẹ̀. Ó dín ohùn orin kù, ó gbé ìyókù sókè. Ko, ko, ko. Inú pósí ló ti ń wá.

Ó ti pé ọjọ́ mẹ́jọ tó ti wà nínú ilẹ̀. Ẹ̀pa ò bóró mọ́. Ti ìyá rẹ̀ ni mo rò. Mo gé ibẹ̀ kúrò, mo pa ohùn ko-ko-ko náà rẹ́, ọwọ́ náà kò sì dá a padà mọ́. Mo fi orin nìkan ránṣẹ́.

Ìyá pè mí nírọ̀lẹ́.

"O ṣeun, ọmọ mi. Mo ti wò ó. Àmọ́ ta ló ń kan nǹkan láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin?"

"Àwọn onílù ìjọ ni, Mọ́mì."

"Rárá o," ó ní jẹ́jẹ́. "Bí Níyìọlá ṣe máa ń kanlẹ̀kùn nìyẹn tó bá gbàgbé kọ́kọ́rọ́. Mo ti lọ ṣílẹ̀kùn fún un."