Ta Ló Fi Ṣúgà sí Ògì Oworo?

Ìdí tábìlì oúnjẹ ni Màmá Martha ti bá ọkọ rẹ̀, Ọ̀gbẹ́ni Bámiṣayé, ní àárọ̀ Wẹ́sìdeé. Ó gbórí lé apá, wọ́n pè é pè é, kò dáhùn. Ife ògì iwájú rẹ̀ ti gbẹ. Ọ̀gá tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba ni Bàbá, ó ti ń bá ìtọ̀ ṣúgà jà láti ọdún mẹ́sàn-án, gbogbo àdúgbò wọn, Lokongoma ní Lokoja, ló sì mọ̀ pé kì í fẹnu kan ohun dídùn. Ní ilé ìwòsàn, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ga débi pé ẹ̀rọ dókítà kò lè kà á. Wọ́n yẹ ògì tó kù nínú ọ̀rá wò, ṣúgà ló kún inú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sẹ́yìn ọ̀rá náà pé: A KÒ FI ṢÚGÀ KANKAN SÍ I.

Kí oòrùn ọjọ́ náà tó wọ̀, àwọn ọlọ́pàá ti mú Àṣàbí. Òun ni olórí àwọn obìnrin àgbẹ̀ mẹ́tàlélógún tó ń ṣe Ògì Oworo, èyí tí Bàbá mu. Inú sùpámákẹ́ẹ̀tì Joseph, níbi tó ti wá gba owó ọjà rẹ̀, ni wọ́n ti mú un, Màmá Martha sì bú u níbẹ̀ lójú gbogbo ayé pé apààyàn ni. Gbogbo ṣọ́ọ̀bù ìlú kó Ògì Oworo kúrò lórí pẹpẹ. Bí ẹ̀sùn yìí bá mọ́ Àṣàbí lórí, ẹ̀wọ̀n ló ń lọ, ọkà bàbà ọdún yìí á sì jẹrà mọ́ obìnrin mẹ́tàlélógún lọ́wọ́.

Ìnsípẹ́tọ̀ Ìsíátù ni wọ́n gbé ọ̀ràn náà fún ní àárọ̀ Tọ́sìdeé. Obìnrin kúkurú ni, kì í pariwo. Àwọn olè Lokoja tó tìtorí ìyẹn fojú di í, ọ̀pọ̀ wọn ṣì ń ka ọjọ́ lọ́gbà ẹ̀wọ̀n.

"Okun o, Màmá," ló kí Àṣàbí ní àtìmọ́lé, bí àwọn Oworo ṣe ń kíra.

"Okun, Màdáámú." Àṣàbí jókòó ṣánṣán bí ẹni tó wà ní pálọ̀ ara rẹ̀.

"Ta ló fi ṣúgà sí ògì yín?"

"Kì í ṣe àwa. Ọdún méjì gbáko la fi ń sáré ìwé àṣẹ ká tó kọ ohun tó wà lẹ́yìn ọ̀rá yẹn. Ẹni tí kò mọ̀wé nínú wa gan-an mọ ohun tó wà níbẹ̀ lórí. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a."

"Ẹ̀rù ò bà yín?"

"Ẹ̀rù ń bà mí. Ojú ni ò tì mí."

Ìdáhùn yẹn wọ Ìsíátù lára. Ó kọjá sí ilé ìwòsàn, níbi tí Màmá Martha ti jókòó ti ọkọ rẹ̀ tí kò tíì lajú.

"Èmi ni mo rà á lọ́wọ́ Joseph," ni màmá náà wí. "Mo yí i padà, mo kà á, bí mo ṣe máa ń ṣe. Láàárọ̀ àti lálẹ́ ni Bàbá fi ń mu ún fún ọ̀sẹ̀ kan. Mo tiẹ̀ sọ fún un pé tọ̀tẹ̀ yìí ń ta sánsán bí bískítì. Ó ní ó dùn díẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n kọ sẹ́yìn ọ̀rá la gbà gbọ́."

"Ṣé bó ṣe máa ń rí nìyẹn?"

"Rárá o. Òórùn kíkan ni tiwọn máa ń ní."

Ìnsípẹ́tọ̀ gba ọ̀rá ògì náà, ó sì wọ sùpámákẹ́ẹ̀tì Joseph lọ. Kò kọ́kọ́ bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ó dúró bí oníbàárà, ó ń wo pẹpẹ. Ògì tí Joseph fúnra rẹ̀ ń ṣe, Ògì Aládùn, kún ibẹ̀, àwòrán ọmọ tó ń rẹ́rìn-ín wà níwájú ọ̀rá rẹ̀. Tíṣà kan mú un, ó yí i padà, ó kà á, ó pòṣé, ó dá a padà. Akọ̀wé ìjọba kan ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Eruku ti bo àwọn tó wà lẹ́yìn, ọjọ́ tí wọ́n máa bàjẹ́ ò sì jìnnà mọ́.

"Ọjà yín ò yá, Ọ̀gbẹ́ni Joseph?"

"Madam, na so I see am o. Iye ṣúgà tí òfin ní ká kọ sẹ́yìn ni wọ́n ń kà. Tẹ́lẹ̀, àwòrán ọmọ yẹn ti tó. Ní báyìí, gbogbo Lokongoma ti di dókítà!"

"Ti Àṣàbí wá ńkọ́?"

Joseph mi orí. "Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ará oko wo ló mọ ohun tí wọ́n ń kọ sẹ́yìn ọ̀rá?"

Ìsíátù ra Ògì Aládùn kan. Nínú mọ́tò, ó tú u, ó gbóòórùn rẹ̀. Ó ń ta sánsán bí bískítì. Ṣùgbọ́n òórùn nìkan ò tó gbé ènìyàn dé kóòtù.

Lọ́jọ́ kejì, ó wakọ̀ lọ sí abúlé àwọn obìnrin náà. Ó rò pé òun á bá wọn lẹ́nu iṣẹ́, àmọ́ ilé ìlọ̀ ti pa, ìdákẹ́jẹ́ ló pàdé rẹ̀. Aishat, tó ni ẹ̀rọ ìlọ̀ náà, ń múra mọ́ṣáláṣí.

"Ẹ má bínú, Màdáámú. Jímọ̀ lòní. Àwa Mùsùlùmí ń kírun, àwọn Kìrìsìtẹ́nì wa á sinmi tì wá. Tó bá di Sunday, àwa náà á sinmi tì wọ́n. Láti ọjọ́ tí a ti bẹ̀rẹ̀, ẹ̀rọ wa ò dún rí ní ọjọ́ méjèèjì, bẹ́ẹ̀ ni a kì í lu òǹtẹ̀ ọjọ́ méjèèjì yẹn sí ọ̀rá."

Bó ṣe ń sọ ọ́, ó gbé àyà síwájú. Ìnsípẹ́tọ̀ mú ọ̀rá ògì Màmá Martha jáde, ó wo òǹtẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ó wo kàlẹ́ńdà orí fóònù rẹ̀, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́.

Ní ọ̀sán Sátidé, sùpámákẹ́ẹ̀tì kún fọ́fọ́. Ìnsípẹ́tọ̀ Ìsíátù wọlé, Àṣàbí àti Màmá Martha tẹ̀ lé e, ọlọ́pàá kan dúró lẹ́nu ọ̀nà, èkejì sì gba yàrá ìkẹ́rù lọ.

"Joseph, ọjọ́ wo ni Àṣàbí máa ń já ọjà fún ọ?"

"Sátidé."

"Ìdí nìyẹn tí o fi lu òǹtẹ̀ ọjọ́ Jímọ̀ sí ọ̀rá, kó lè dà bí ẹni pé ọjọ́ tó ṣáájú ni wọ́n ṣe é. O ò jẹ́ lu Sunday, nítorí pé ìwọ náà ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. O rántí Sunday wọn, o gbàgbé Jímọ̀ wọn. Àwọn obìnrin yìí kì í ṣiṣẹ́ ní Jímọ̀, ì báà jẹ́ Mùsùlùmí, ì báà jẹ́ Kìrìsìtẹ́nì. Ọ̀rá mẹ́jọ la gbà padà lọ́wọ́ àwọn tó rà lọ́dọ̀ rẹ. Márùn-ún tó ní òǹtẹ̀ ọjọ́ mìíràn kò ní ṣúgà rárá. Mẹ́ta tó ní òǹtẹ̀ Jímọ̀, Ògì Aládùn rẹ ló wà nínú wọn, pẹ̀lú òórùn bískítì rẹ̀."

"Irọ́ ni!"

Ọlọ́pàá kejì ti jáde láti yàrá ìkẹ́rù. Òǹtẹ̀ kan wà lọ́wọ́ rẹ̀, àti ìdì ayédèrú ọ̀rá Ògì Oworo tí ẹnikẹ́ni ò tíì rọ nǹkan sí.

Joseph dọ̀bálẹ̀. "Mi ò fẹ́ pa ẹnikẹ́ni. Ọjà mi ń bàjẹ́ lọ ni. Ohun tó wà lẹ́yìn ọ̀rá tiwọn ni gbogbo èèyàn ń tìtorí ẹ̀ rà."

"Torí wọ́n gbà á gbọ́ ni," ni Ìsíátù wí. "Ẹni tó ń ṣàìsàn ka ọ̀rọ̀ yẹn, ó fi ẹ̀mí ara rẹ̀ lé e lọ́wọ́. Ẹ mú un lọ."

Nígbà tí wọ́n mú Joseph jáde tán, Màmá Martha rọra sún mọ́ Àṣàbí. Ó fi ohùn wẹ́lẹ́ sọ pé Bàbá ti lajú láàárọ̀, pé òun bẹ̀ ẹ́, kó foríjin òun.

"Mo dúpẹ́ pé Bàbá yè," ni Àṣàbí wí. "Mo ti foríjì yín. Àmọ́ Màmá, ẹ ò rọra bú mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rọra bẹ̀ mí."

Màmá Martha wo àwọn aládùúgbò rẹ̀ lójú, ó sì gbé ohùn sókè débi pé àwọn oníkẹ̀kẹ́ títì gbọ́ ọ:

"Ẹ̀yin ará Lokongoma! Ọwọ́ obìnrin yìí mọ́! Òtítọ́ ni wọ́n kọ, èmi ni mo purọ́ mọ́ ọn!"

Àṣàbí tún gèlè rẹ̀ wé, ó sì rọra rìn gba àárín wọn jáde.